Kí Ẹ Tó Ra Áńpílífáyà Oní-fáàfù fún Bàbá Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn atúnrédíòṣe lójú yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni pẹ̀lú. Ẹ fi sùúrù kà á dé òpin, nítorí owó ni mo fi ra ọgbọ́n inú rẹ̀.

Ní Sẹ́kọ̀nà wa níbí, lẹ́bàá Ẹdẹ, ọjà iṣu ni a fi mọ ìlú wa. Ẹni tí ó bá mọ iṣu kì í sáré gbé èyí tí ó tóbi jù. Yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun fẹ́ fi ṣe: ṣé iyán ni, ṣé dídín ni, àbí gbígbìn? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a ra ẹ̀rọ.

Bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà tí etí wọn ti mọ́ rédíò ayé àtijọ́, èyí tí a óò tàn tí kò ní í fọhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí fáàfù inú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin iná kí ohùn tó jáde. Rẹ́díógírámù irú èyí ni wọ́n fi ń gbọ́ kíké Alùkùránì láti ẹnu àwọn àáfà ilẹ̀ Íjíbítì nígbà èwe wọn, òun náà ni wọ́n fi ń gbọ́ àwo Haruna Ishola àti ti Yusuf Olatunji. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kú, a ra rédíò tuntun fún wọn, a tún ra èyí tí ń gba ohùn láti inú fóònù. Kò sí èyí tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Ohùn rẹ̀ le jù, ó ń gún mi létí.”

Àbúrò mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́, ó sì fi áńpílífáyà oní-fáàfù kan ránṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó dé. Lẹ́yìn ìrun Làásárì, gbogbo ilé pé jọ, bàbá sì wọ agbádá bí ẹni ń lọ sí yídì. Èmi tí mo ń bójú tó gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wa, mo rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa ẹ̀rọ. Mo ki wáyà bọ iná. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí èéfín fi yọ, tí òórùn ohun tó ń jóná sì gba gbogbo yàrá. 120 fóòtì ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Iná tiwa jẹ́ 230. Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní: “Ìwọ tí ò ń ka Alùkùránì fún àwọn ènìyàn, o kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju owó tí ó ṣègbé lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, tí mo sì ń kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Fáàfù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní túùbù. Gíláàsì ni, a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ọ̀gbẹ́ni John Ambrose Fleming, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe èyí àkọ́kọ́ ní 1904. Ní 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi irin kẹta sí inú rẹ̀, èyí ni ó sì mú kí a lè sọ ohùn kékeré di ńlá. Nígbà tí ó di 1947, wọ́n ṣe tíráńsísítọ̀ ní ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà. Tíráńsísítọ̀ kéré, kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, bátìrì sì lè gbé e. Òun ni ó lé fáàfù kúrò nínú rédíò.

Kí wá ni ó dé tí àwọn kan kò gbàgbé fáàfù? Àwa ará agbègbè Ẹdẹ mọ ìlù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 sí 1975, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Ẹni tí ó bá mọ dùndún mọ̀ pé awọ àti igi a máa fi díẹ̀ tiwọn kún ohùn. Bẹ́ẹ̀ ni fáàfù. Ó ń fi nǹkan kékeré kan kún ohùn, etí sì máa ń gba nǹkan náà bí adùn. Bí a bá tún yí ohùn sókè kọjá agbára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń dàrú. Ti tíráńsísítọ̀ a máa já lójijì, a sì máa gún etí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: kì í ṣe pé fáàfù ń sọ ohun tí ó gbọ́ bí ó ti rí gan-an. Tíráńsísítọ̀ dáradára ti òde òní ṣe déédéé jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ etí ni. Bí bàbá yín kò bá bìkítà fún un, ẹ má ṣe náwó lé e.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ, ohun tí ẹ óò wò nìyí.

Èkínní, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ẹ wá 230 tàbí 240 fóòtì. Bí ó bá jẹ́ 120, ẹ gbọ́dọ̀ ní tàràńsífọ́mà tí ń sọ iná kalẹ̀, kí agbára rẹ̀ sì ju ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ lọ. Iná wa a máa lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ ra sitébíláísà mọ́ ọn.

Èkejì, ẹ béèrè èyí tí ohun gbogbo wà nínú àpótí kan, tí ibi ìyíhùn àti ibi agbára kò yà sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ní àwo àtijọ́ níláti rí i pé ẹ̀rọ náà ní ojúhò tí a ṣe fún àwo. Ohùn tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde kéré púpọ̀. Bí a bá ki í sí ojúhò rédíò, ẹ kò ní í gbọ́ nǹkan gidi.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí iye wáàtì tàn yín jẹ. Ẹ rántí iṣu ńlá. Fáàfù EL84 méjì lápá kọ̀ọ̀kan lè fún yín ní bí 12 sí 15 wáàtì, ìyẹn sì tó fún pálọ̀ ilé wa. Sípíkà ni kí ẹ wò. Èyí tí a kọ 90 dẹ̀síbẹ̀lì sí, ìdajì wáàtì tí èyí tí a kọ 87 sí yóò gbà ni òun yóò gbà láti pariwo bákan náà. Kí nọ́ńbà óòmù sípíkà sì bá ojúhò tí ẹ óò so ó mọ́ mu: 4 sí 4, 8 sí 8.

Ẹ̀kẹrin, fáàfù a máa gbó, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ mú ẹ̀rọ tí fáàfù rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, bí EL84, EL34 àti 12AX7. Wọ́n ṣì ń ṣe wọ́n ní Rọ́ṣíà, ní Ṣáínà àti ní Slovakia. Ẹ rí i pẹ̀lú pé atúnrédíòṣe kan wà nítòsí tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ronú sí iná tí yóò máa jẹ. Ẹ̀rọ 15 wáàtì lápá kọ̀ọ̀kan lè máa fa bí 100 wáàtì, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń lo iná oòrùn níláti kà á mọ́ ìṣirò rẹ̀. Nítorí èyí, n kò ní í gba mọ́ṣáláṣí kankan nímọ̀ràn láti fi fáàfù pe ìrun. Tíráńsísítọ̀ ni kí a fi pè é, èyí tí bátìrì ọkọ̀ lè gbé nígbà tí iná bá lọ.

Ẹ̀kẹfà ni ó ṣe pàtàkì jù: ewu. Fóòtì inú ẹ̀rọ yìí lè kọjá 300, ó sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Ẹ má ṣe tú u fúnra yín. Gíláàsì rẹ̀ ń jó ọwọ́. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ mú èyí tí ó ní agolo irin onísáà lórí. Ẹ má gbé aṣọ lé e, ẹ má fi há àárín kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má sì tàn án láìso sípíkà mọ́ ọn, kí tàràńsífọ́mà ìgbóhùnjáde rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó pé ọdún kan kí èmi àti àbúrò mi tó kó owó jọ, tí a ra òmíràn, kékeré, oní-EL84. Kí a tó tàn án, bàbá ní kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Mo kà á bí ọmọ ilé-kéwú níwájú àáfà: 230 fóòtì. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Nígbà náà ni wọ́n ní: “Ó yá, tàn án.”

Ní báyìí, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, wọn a máa fi í gbọ́ Alùkùránì láti ẹnu Sheikh Mahmud Khalil al-Husary, lóhùn tí kò dé ilé aládùúgbò, nítorí ẹ̀tọ́ aládùúgbò wà lọ́rùn wa. Wọn kò sọ pé ó ń gún wọn létí mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀bùn dá àwọn òbí yín lọ́lá, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ ra èyí tí apá yín ká láìsí ìnákúnàá, kí ẹ sì ka ẹ̀yìn rẹ̀. Kí Ọlọ́run dá àwọn òbí wa sí fún wa pẹ̀lú àlàáfíà, kí Ó sì fi ìkẹ́ bo àwọn tí ó ti lọ. Àmín.