Ṣé o mọ̀? Ọmọ ọdún 13 kì í ṣe ọmọdé ní gbogbo ẹnu ọ̀nà Yúróòpù

Bàtà ọmọ ọdún 13 ti lè tó ti ìyá rẹ̀, síbẹ̀ yóò bá àbúrò rẹ̀ jà nítorí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Yúróòpù náà kò tíì mọ ohun tí yóò pè é. Níbì kan, owó àgbà ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀; níbòmíràn, wọ́n á ní kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá fẹ́ mú un lọ ṣe fàájì lọ́hùn-ún fún ìgbà àkọ́kọ́, ka èyí kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Físà àti ẹnubodè

Ṣé o mọ̀ pé físà kan ṣoṣo lè gbé yín wọ orílẹ̀-èdè 29? Físà Schengen ni. Abúlé kan ní Luxembourg, létí odò Moselle, ló ń jẹ́ Schengen. Inú ọkọ̀ ojú omi tó wà lórí odò náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn yìí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1985. Orílẹ̀-èdè márùn-ún péré ni wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé Ìlú Ọba kò sí nínú rẹ̀? Ireland náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rí London àti Paris nínú ìrìn kan náà, físà méjì ni yóò gbà. Ti Switzerland tún yàtọ̀: kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, síbẹ̀ físà Schengen wọ ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 12 ni ààlà? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í sanwó físà yìí. Ẹni ọdún mẹ́fà sí 11 ń san yúrò 45, wọn kì í sì í ní kó tẹ̀ka. Ọmọ ọdún 13 ńkọ́? Yóò tẹ̀ka, yóò sì san yúrò 90 gẹ́gẹ́ bíi bàbá tó bí i.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ aṣojú tó bá wù ọ́ lo máa lọ? Orílẹ̀-èdè tí ẹ ti máa pẹ́ jù ni kí o lọ bá. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ẹ to ìrìn yín lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà kò gbọdọ̀ wọlé ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ kọjá ọjọ́ 15 sí i.

Ṣé o mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tí wọ́n ń béèrè gbọ́dọ̀ lè gbé ìnáwó ìtọ́jú tó tó yúrò 30,000? Bí òbí kan ṣoṣo bá sì ni yóò mú ọmọ lọ, ìwé tí òbí kejì fi fọwọ́ sí i ṣe pàtàkì bí físà fúnra rẹ̀.

Lójú ọ̀nà

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kan náà ni, àmọ́ páàsì tí ẹ máa rà kò jọra? Àǹtí ọmọ náà tó ń gbé ní London yóò ra Interrail, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972. Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó wá yóò ra Eurail, tó ti wà láti ọdún 1959. Ọdún 12 tún dé o: ọmọ ọdún mẹ́rin sí 11 ń bá àgbà wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 12 títí dé 27, owó ọ̀dọ́ ni wọ́n ń san. Ó dín sí ti àgbà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkun ni rélùwéè tó ń ti London lọ sí Paris ń gbà? Ihò náà gùn tó kìlómítà 50, tí 38 nínú rẹ̀ wà lábẹ́ òkun. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣí i. London gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè Faransé ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. Bí ẹ bá ti dé Paris, ẹ ti di ẹni ilé nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ní London, ẹni ọdún 11 sí 15 tó jẹ́ àlejò lè wọkọ̀ ní ìdajì owó fún ọjọ́ 14? Orí Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń wọkọ̀ níbẹ̀, ni wọ́n ń fi ẹ̀dínwó náà sí. Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ni yóò bá yín ṣe é, kò ní wá fúnra rẹ̀. Ẹ la ẹnu béèrè.

Ṣé o mọ̀ pé ní Luxembourg, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin jẹ́ ọ̀fẹ́ fún tilé-toko, àlejò náà sì ń jẹ níbẹ̀? Láti ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2020 ni, àyàfi ìjókòó olówó gọbọi nínú ọkọ̀ ojú irin. Ti Berlin kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí géètì tó máa dá yín dúró ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lè wọ aṣọ ilé. Yúrò 60 ni ìtanràn.

Ohun tí ẹ fẹ́ lọ wò

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Colosseum, pápá ìṣeré àtijọ́ ní Rome? Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání fún ẹ̀rí ọjọ́ orí. Ẹ má sì lọ sí Louvre ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Títì ni yóò wà.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán Mona Lisa tó wà ní Louvre kò tóbi? Sẹ̀ǹtímítà 77 sí 53 péré ni. Ní ọdún 1911, ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Louvre jí i gbé, ó sì fi í pamọ́ sí yàrá rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Sọ ìtàn yẹn fún ọmọ náà kí ẹ tó débẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrò tó ń na fóònù sókè nìkan ni yóò rántí.

Ṣé o mọ̀ pé ogún ọdún péré ni wọ́n fún ilé gogoro Eiffel láti wà lórí ìdúró? Ọdún 1889 ni wọ́n parí rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún rédíò ló gbà á lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wó o. Àtẹ̀gùn 674 ló dé àjà kejì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ gùn ún. Tíkẹ́ẹ̀tì àtẹ̀gùn kò wọ́n tó ti ẹ̀rọ agbéniròkè.

Ṣé o mọ̀ pé Venice ń gba owó ẹnubodè? Láti ọdún 2024 ni, ní àwọn ọjọ́ kan, lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn síbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé 14 kì í san án. Ẹ jàre, ọmọ ọdún 13 tún di ọmọdé!

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ tí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù kan, pé ọdún 13 gan-an ni wọ́n fún un ní ìwé tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀? Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1942 ni. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìdílé rẹ̀ fi sá pamọ́ fún àwọn Násì, sẹ́yìn ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní Amsterdam. Pẹpẹ ìwé ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó mú wọn. Ọmọ ọdún 15 ni Anne nígbà tó kú sí àgọ́ Bergen-Belsen. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àtiwo ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí náà: gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ṣí títà ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sùn, tirẹ̀ á lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré-Èkìtì wà ní London? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ: Ògògà, ọba ìlú náà, jókòó lórí ìtẹ́ lápá kan, òyìnbó tí wọ́n fi àga gbé dé wà lápá kejì. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924, British Museum sì gbà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún Ògògà. Orí idẹ kan láti Ifẹ̀, tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé ibẹ̀. Bi ọmọ náà pé: ta ló jàre nínú pàṣípààrọ̀ ilẹ̀kùn àti ìtẹ́ yẹn? Kí o sì dákẹ́, kí o gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Omi, aṣọ àti fóònù

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ omi mímu ọ̀fẹ́ tó wà ní òpópónà Rome tó 2,500? Ike omi òfìfo kan nínú báàgì yóò dín ìnáwó kù. Ẹ tọ́jú owó wẹ́wẹ́ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí owó ni wọ́n ń gbà ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ ṣí sílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Peter Mímọ́ ní Vatican? Ìró ìyá kan nínú báàgì ti tó.

Ṣé o mọ̀ pé síìmù kan tí ẹ rà ní Faransé yóò ṣiṣẹ́ ní Ítálì àti Jámánì láìsí owó lé e? Òfin ọdún 2017 ni. Ẹ ṣọ́ra ní Switzerland, kò sí nínú òfin náà. Nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 ni. Kí ọmọ há a sórí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Fún un ní ọjọ́ kan nínú ìrìn náà, kó yan ibi tí ẹ máa lọ, kó wá ọkọ̀, kó ṣírò owó. Ìwọ náà, wo ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí o tó mú ọjọ́. Bó bá ku oṣù méjì péré kó pé ọdún 14, Venice ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.