Kí Ló Yẹ Kí Arìnrìn-Àjò Yà ní Fọ́tò Nínú Mùsíọ́mù?

Nínú mùsíọ́mù Louvre nílùú Paris, yàrá kan wà tí èrò kì í dá níbẹ̀ látàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Àwòrán Mona Lisa tí Leonardo da Vinci yà ló wà níbẹ̀. Àwòrán náà ò tóbi rárá: ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 77, ó sì fẹ̀ ní 53. Fèrèsé ilé ìdáná ẹlòmíì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì tó nípọn wà níwájú rẹ̀, ìdènà sì wà níwájú gíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sún mọ́ ọn jù. Bí èrò bá ti dé iwájú, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣe ni pé wọ́n á na fóònù sókè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí àwòrán náà kí wọ́n lè ya ara wọn pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Ẹni tó ti Nàìjíríà wọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀, tó ti sanwó físà, tó ti tò sórí ìlà ní ẹ́ńbásì, tó wá pa dà délé, tó ṣí fóònù rẹ̀ han àwọn ọmọ, kí ni wọ́n máa rí? Orí èèyàn, ọwọ́ tó di fóònù mú, àti iná tó ń tàn yòò lára gíláàsì. Mona Lisa wà láàárín wọn, ó kéré bíi sítáǹbù. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò àwòrán yẹn kan náà wà lórí íkànnì Louvre fúnra rẹ̀, ó mọ́ kedere ju èyí tí fóònù kankan lè yà láàárín èrò lọ, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wò ó.

Kì í ṣe pé yíya fọ́tò burú. Ohun tí mùsíọ́mù ti yà sílẹ̀ dáadáa ni kò sídìí láti máa tún yà. Ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò mú bọ̀ wálé ni ohun tójú òun fúnra rẹ̀ rí nígbà tó sún mọ́ àwòrán náà.

Àpẹẹrẹ kan wà tó kan ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n: àwòrán No Woman, No Cry, tó jẹ́ ti mùsíọ́mù Tate nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Chris Ofili, tí wọ́n bí sílùú Manchester lọ́dún 1968, tí àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló yà á lọ́dún 1998. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ó dijú, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Àwòrán náà ga ju èèyàn lọ, ó lé ní mítà méjì. Wọn ò gbé e kọ́ bíi tàwọn yòókù. Orí ìṣù ìgbẹ́ erin méjì ló dúró lé, tó fẹ̀yìn ti ògiri. (Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbẹ́ erin gan-an.) Ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó ya gbogbo rẹ̀, á rí obìnrin tó ń sunkún. Àmọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí i pé fọ́tò ojú ọmọkùnrin kan wà nínú ẹ̀kán omijé kọ̀ọ̀kan. Stephen Lawrence ni, ọmọ ọdún 18 tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ funfun gún pa ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1993, kìkì nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìyá rẹ̀, Doreen Lawrence, ni Ofili ní lọ́kàn nígbà tó ń ya obìnrin náà. Ó tún fi ọ̀dà tó máa ń tàn nínú òkùnkùn kọ orúkọ Stephen sínú àwòrán náà, tọdún tí wọ́n bí i tọdún tó kú. Agbára káká lojú fi ń rí i nínú ìmọ́lẹ̀.

Bí òbí bá fi fọ́tò ẹ̀kán omijé kan ṣoṣo yẹn han ọmọ, kíá lọmọ á béèrè pé, “Ta nìyẹn?” Fọ́tò tí wọ́n yà lọ́ọ̀ọ́kán kò lè fa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní yunifásítì Fairfield lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Linda Henkel, ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ó mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí mùsíọ́mù kan ká, ó ní kí wọ́n ya àwọn nǹkan kan ní fọ́tò, kí wọ́n sì kàn fojú wo àwọn míì. Nígbà tó bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́jọ́ kejì, wọn ò rántí àwọn ohun tí wọ́n yà tó àwọn tí wọ́n kàn wò. Ó dà bíi pé wọ́n ti fa ìrántí lé kámẹ́rà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí wọ́n fa kámẹ́rà sún mọ́ apá kan péré, ìrántí wọn ò dín kù, títí kan apá tí wọn ò yà. Ọdún 2014 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Psychological Science.

Páálí kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà ṣe pàtàkì. Bí wọn ò bá yà á tẹ̀ lé àwòrán lójú ẹsẹ̀, kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọn ò fi ní mọ ẹni tó ya èwo mọ́. Ó tún dáa kí ọmọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, níbi tí ara rẹ̀ ò ti ní kàn án, nínú ọ̀kan lára fọ́tò náà. Àwòrán The Night Watch tí Rembrandt yà lọ́dún 1642, tó wà ní Rijksmuseum nílùú Amsterdam, fẹ̀ tó mítà mẹ́rin ààbọ̀. Lójú fóònù, ọgbọọgba lòun àti Mona Lisa. Kò sídìí láti máa wá bí fóònù ṣe máa yà á tán, torí ní January 2022, Rijksmuseum gbé fọ́tò rẹ̀ kan sórí íkànnì lọ́fẹ̀ẹ́ tí èèyàn fi lè rí bí ọ̀dà ṣe sán. Mùsíọ́mù yìí kan náà ló rọ àwọn olùbẹ̀wò lọ́dún 2015 pé kí wọ́n gbé fóònù tì, kí wọ́n mú pẹ́ńsùlù, kí wọ́n sì fọwọ́ ya ohun tí wọ́n ń wò. Ó máa ń mú kí ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́ ju ìkìlọ̀ lọ.

Òfin ò dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíì. National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ò gbà kí wọ́n máa ya fọ́tò tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ti yọ̀ǹda látọdún 2014. Nílùú Madrid, mùsíọ́mù Reina Sofía gbà láti September 2023 pé kí wọ́n máa ya Guernica ti Picasso, ṣùgbọ́n ní Prado tí kò jìnnà síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á ní kí wọ́n gbé fóònù wọlé. Ní Sistine Chapel ní Vatican, wọn kì í fi ṣeré rárá. Ọ̀pọ̀ rò pé torí pé ibi ìjọsìn ni, àmọ́ owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Nippon ti ilẹ̀ Japan ló gbówó kalẹ̀ láti tún àwọn àwòrán Michelangelo ṣe, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980 tó sì parí lọ́dún 1994. Wọ́n wá gbà pé òun nìkan ni kó máa ya fọ́tò àti fídíò wọn fún sáà kan. Sáà yẹn ti kọjá tipẹ́; òfin ò tíì kúrò.

Ní ti iná kámẹ́rà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ síbi tí wọ́n ti gbà á. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣá àwọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí oòrùn ṣe ń ṣá àdìrẹ lórí okùn. Ká tiẹ̀ ní iná kan ṣoṣo ò ba nǹkan jẹ́, fọ́tò náà gan-an ló máa bà jẹ́, torí àmì funfun roboto ló máa fi sójú àwòrán. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù tún ti fòfin de ọ̀pá tí wọ́n fi ń ya ara ẹni látọdún 2015. Wọn ò jẹ̀bi. Ní June 2025, ní Uffizi nílùú Florence, olùbẹ̀wò kan ń ṣe bíi ti ọmọọba Ferdinando de' Medici tó wà nínú àwòrán kan, kí wọ́n lè ya òun. Ó fẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, ó sì ṣubú lu àwòrán tó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Aṣọ àwòrán náà ya.

Ọmọ Nàìjíríà ti ń gbádùn ẹ̀dà àwòrán nílé kí fóònù tó dé. Lẹ́yìn tí Ben Enwonwu ya Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 1973, ẹ̀dà Tutu wọ ọ̀pọ̀ pálọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé e kọ́ ò fojú kan ojúlówó rẹ̀ rí. Inú fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti wá rí èyí tó yà lọ́dún 1974, tí ilé gbàǹjo Bonhams sì tà á ní 1,205,000 pọ́n-ùn ní February 2018.

Kò sẹ́ni tó máa bínú sí fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí. Àmọ́ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, kálẹ́ńdà tàbí ife fún títà, ọ̀rọ̀ ti yí pa dà. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà sọ pé ẹ̀tọ́ náà ṣì máa wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó ni iṣẹ́ kú. Ọdún 1669 ni Rembrandt kú, nítorí náà tiẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Ofili wà láàyè. Ọdún 1994 ni Enwonwu kú, ìyẹn ni pé ó di ìparí ọdún 2064 kí ẹnikẹ́ni tó lè tẹ Tutu sórí kálẹ́ńdà tà láìgbàṣẹ.