Àgbà Lórí Ẹṣin: Bí A Ṣe Lè Máa Gùn Ún Láìfi Ara Wa Wéwu

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ là yé ara wa lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé ó kan àpò gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ẹṣin gígùn ni, pàápàá fún àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún tàbí tí a ń sún mọ́ ọn.

Ẹni tó mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tí à ń wí. Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, níbi Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun bíi ti Kúkù àti Aláùsá a máa gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, tìlù tìbọn. Kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan là ń rí lórí ẹṣin níbẹ̀. Ní ọdún 2024, ẹni tí àwòrán rẹ̀ gba gbogbo ayé kan ni Farooq Oreagba, bẹ́ẹ̀ ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà náà.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa ń bi ara wa ni pé: títí di ìgbà wo? Àwọn ọmọ wa á ní, "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́." Àwa náà á dá wọn lóhùn pé ẹṣin kì í dani ká má tún un gùn. Lójú tiwa, òótọ́ wà lẹ́nu tọmọ tìyá. Ohun tí ọjọ́ orí ní ká fi sílẹ̀ ni àṣehàn. Ẹṣin fúnra rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1969 títí di 1986, ẹṣin kan ṣoṣo, Burmese, ló ń gùn níbi ayẹyẹ tí àwọn ọmọ ogun ń ṣe fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún. Ní 1981, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín èrò yin ìbọn òfìfo mẹ́fà sí i. Ẹṣin ta gìrì, ṣùgbọ́n ọbabìnrin, tó jẹ́ ẹni ọdún 55, rọra tù ú, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọdún méjìlá ni òun àti ẹṣin yẹn ti jọ ń ṣe é. Nígbà tó di 1987, ó kúrò lórí ẹṣin níbi ayẹyẹ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Ṣé ó wá fi ẹṣin gígùn sílẹ̀ ni? Rárá o. Inú ọgbà ààfin rẹ̀ ní Windsor ló ti ń gùn ún, lórí ẹṣin kúkúrú, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ lórí ẹṣin ní 2020, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 94. Aṣọ ìborí lásán ló so mọ́rí o. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ má fara wé e.

Ọkùnrin ará Japan kan wà, Hiroshi Hoketsu. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 1964, ìdíje tí ẹṣin ti ń fo igi ló ṣe. Nígbà tó tún dé Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ẹni ọdún 71 ni, ìdíje tí wọ́n ti ń wo bí ẹṣin ṣe ń gbọ́ràn sí ẹni tó gùn ún lẹ́nu ló sì ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ rí i: àwọn méjèèjì yí ọwọ́ padà, wọn kò sì fi ẹṣin sílẹ̀.

Kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú èyí? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, egungun a máa fúyẹ́, ti àwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù ti dúró lára wọn sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣubú tí ọ̀dọ́ yóò gbọn eruku rẹ̀ dànù lè ṣẹ́ àgbà ní ìgbáròkó. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹni náà lè lò kó tó rìn dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì, owó ìfipamọ́ á dúró, ẹ̀yáwó ò ní ṣeé san, ó di ọrùn onídùúró. Àgbà tó já bọ́ lórí ẹṣin kì í dá nìkan já bọ́.

Níbo wá ni ewu náà fara pamọ́ sí? Láti ayé àtijọ́, Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ ẹṣin wa ti ń wá, nítorí pé eṣinṣin tó ń gbé àrùn kiri nínú igbó kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń yá ẹṣin nígbà ọdún. Ẹni tí kò gun ẹṣin láti èṣí á kàn dìde lọ́jọ́ ọdún, á gun ẹṣin tí kò mọ̀ rí, láàárín ìlù, agboòrùn àti ìbọn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ jẹ́ ká to ohun tó yẹ ní ṣíṣe lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní, ara wa. Ẹ lọ rí dókítà ṣáájú. Ẹ sọ fún un bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nínú ilé, ẹ máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀. Ẹ máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ọwọ́ wà nítòsí. Itan àti ẹ̀yìn ló ń gbé wa dúró lórí gàárì, agbára apá kọ́.

Èkejì, ẹṣin. Àgbà ẹṣin ló yẹ àgbà èèyàn. Ẹṣin tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, tí ariwo kò jẹ́ tuntun létí rẹ̀ mọ́, sàn ju akọ ẹṣin ọ̀dọ́ tó ń jó kiri lọ. Ẹ wo ìwọ̀n ara yín náà. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ń lò ni pé kí ẹni tó gùn ún àti gàárì má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ. Bí ẹṣin bá jẹ́ 400 kílò, kí gbogbo ẹrù má ju 80 kílò.

Ẹ̀kẹta, gígùn àti sísọ̀. Ẹ má tijú àpótí. Ẹ wá àpótí tó dúró ṣinṣin, kí ẹ gun orí rẹ̀ kí ẹ tó gun ẹṣin. Ó dẹ orúnkún yín lára, ó sì dẹ ẹ̀yìn ẹṣin náà lára. Lis Hartel, obìnrin ará Denmark tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára, wọ́n ń gbé e gun ẹṣin ni, wọ́n sì ń gbé e sọ̀. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní Òlíḿpíìkì 1952 ní Helsinki. Ta ló wá lè fi àpótí ṣe yẹ̀yẹ́? Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nínú irin ìtẹsẹ̀, kí ẹ tó ré ẹsẹ̀ kan kọjá.

Ẹ̀kẹrin, ohun èlò. Ẹ yẹ okùn tó di gàárì mọ́ ẹṣin níkùn wò kí ẹ tó gùn, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹṣin mìíràn a máa fẹ́ ikùn nígbà tí à ń dì í. Bàtà tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà, kí ẹsẹ̀ má baà yọ́ gba inú irin kọjá. Ẹ dé akoto nígbà ìdánrawò. Agbádá náà, ẹ jẹ́ kí ẹṣin ti rí i kó tó di ọjọ́ ọdún, torí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lè já a láyà.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ṣubú. Òwe tí a pa lókè yẹn kò sọ pé lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí èrò fà yín dìde. Bí orí bá kan ilẹ̀, tàbí tí ẹ bá ń lo oògùn tí à ń wí yẹn, ilé ìwòsàn ni o, bí kò tilẹ̀ dùn yín níbì kankan. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú orí láìsí ojú egbò.

Ibi tí àjọṣe wa ti wọ̀ ọ́ rèé. Owó tí ẹnì kan ń ná láti yá ẹṣin fún ọjọ́ kan, bí ẹni mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá bá dá a jọ, wọ́n lè fi mú ẹṣin méjì àti olùtọ́jú wọn wá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọdún, kí oníkálùkù máa gùn ún ní méjì-méjì lọ́sẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ti tó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹṣin máa fẹsẹ̀ rìn lásán. Ẹni tí ara kò gbà mọ́ láàárín èrò lè gùn ún nílé lọ́jọ́ mìíràn, kó jókòó sábẹ́ àgọ́ lọ́jọ́ ọdún, kó máa wo ọmọ rẹ̀ lórí ẹṣin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ọ láti gùn. Ẹ̀yẹ ńlá ni ìyẹn náà.

Àwọn àgbà ní bó ti wù ká pẹ́ lórí ẹṣin tó, ilẹ̀ la ó sọ̀ sí. Òótọ́ ni. Kí a rọra sọ̀ fúnra wa, lórí àpótí, kí á lè tún gùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ire o.