Hẹ́píìsì Abẹ́: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunka nílùú Ìbàdàn, tọkùnrin tobìnrin ni ìwé yìí wà fún. Ẹ má fi egbò abẹ́ pamọ́. Ìgbà tó ṣì tutù ló yẹ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rí i.

Kí ló ń fà á?
Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì HSV ni. Oríṣi kejì rẹ̀, HSV-2, ló sábà máa ń mú abẹ́. Oríṣi kìíní, tó ń mú ẹnu, lè mú un náà. Ìbálòpọ̀ ló fi ń ràn, títí kan èyí tí a fi ẹnu ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2020, ó lé ní ẹnì kan nínú márùn-ún lára àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49 lágbàáyé tó ní hẹ́píìsì abẹ́. Kì í ṣe mágùn, kì í sì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjùmọ̀lò inú agboolé ni a ti ń kó o.

Àmì rẹ̀
- Láàárín ọjọ́ 2 sí 12 lẹ́yìn tó bá ranni, ojú ibẹ̀ lè máa yúnni, kó máa tani.
- Ìléròrò wẹ́wẹ́ olómi á yọ, á bẹ́, á di egbò tó ń dunni.
- Nígbà àkọ́kọ́, ibà lè dé, kókó lè so ní ìdí itan, ìtọ̀ sì lè máa ta.

Ọ̀pọ̀ ni kì í rí àmì kankan, síbẹ̀ wọ́n lè kó o ran ẹlòmíràn. Ó lè pẹ́ lára kó tó yọ. Nítorí náà, ẹ má tìtorí egbò tuntun fẹ̀sùn àgbèrè kan ọkọ tàbí aya.

Ìtọ́jú
Kò tíì sí oògùn tó ń lé e kúrò lára pátápátá, nítorí inú iṣan ìmọ̀lára ló ń sá pamọ́ sí. Ó lè padà yọ bí àárẹ̀, àìsàn tàbí nǹkan oṣù bá dé, ṣùgbọ́n kì í sábà le tó ti àkọ́kọ́. Acyclovir tí dókítà kọ fún yín á mú egbò tètè jiná, pàápàá bí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ampiclox, tetracycline àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kò ran fáírọ́ọ̀sì.

Ẹ fi omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ egbò náà. Ẹ má fi Izal tàbí Dettol kàn án. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kó má baà ràn dé ojú.

Ààbò
- Ẹ dáwọ́ ìbálòpọ̀ dúró láti ìgbà tó bá ti ń yúnni títí egbò á fi jiná tán.
- Kọ́ńdọ́ọ̀mù ń dín ewu kù, kò mú un kúrò tán.
- HSV-2 ń sọ ewu àtikó HIV di bí ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ṣàyẹ̀wò HIV àti sífílíìsì.
- Aláboyún, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí egbò bá wà lásìkò ìrọbí, dókítà lè fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí, kí ọmọ má baà kó o.

Ibi tí ẹ lè lọ
Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, tàbí Special Treatment Clinic ní UCH. Àṣírí yín á bò. Ẹ mú olólùfẹ́ yín dání, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀yin méjèèjì wò.