Sún Un, Yí I, Kọ Ọ́ sí Dígí: Ìṣirò Tí Páálí Lásán Lè Kọ́ Wa

Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú, kí ẹ da àtẹ́lẹwọ́ dé ilẹ̀. Ìka márùn-ún níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún, wọ́n jọra bí ìbejì. Ó yá, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé òsì lórí, àmọ́ ẹ má ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè o. Àtàǹpàkò kan wà níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún. Bó ti wù kí ẹ yí ọwọ́ yẹn tó, wọn ò ní bára mu. Kí ló fà á?

Ìbéèrè yẹn wà nínú ẹ̀kọ́ kan táwọn ọmọ JSS máa ń sá fún, èyí tí tíṣà ń pè ní transformation. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìyípadà àwòrán. Ohun tó ń lé wọn sá ni pé wọ́n sọ ọ́ di àkọ́sórí: (x, y) di (−y, x). Tó bá di ọjọ́ ìdánwò, ọmọ á gbàgbé ibi tí àmì ìyọkúrò yẹn wà, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ẹ̀kọ́ yìí, kí orí tó gbà á.

Ẹ wá páálí, sísọ́ọ̀sì, rúlà, píìnì, bébà, àti fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì. Ẹ gé lẹ́tà F tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kí ló dé tó fi jẹ́ F? Torí pé kò sí apá kan lára rẹ̀ tó jọ èkejì. Tí ẹ bá gé O, ó lè yí títí, ẹ ò ní mọ̀.

Sísún

Ẹ gbé F sórí bébà, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí rẹ̀ ká. Ẹ sún un sí ọ̀tún ní sẹ̀ǹtímítà 6, láì jẹ́ kó yí rárá, kí ẹ tún fa ìlà yí i ká. Ẹ wá fi rúlà wọn ìrìn igun kọ̀ọ̀kan, láti ibi tó wà tẹ́lẹ̀ dé ibi tó wà báyìí. Sẹ̀ǹtímítà 6 ni gbogbo wọn rìn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì kọjú sí. Ìyẹn ni sísún.

Àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta mọ èyí dáadáa. Wọ́n á gé àwòrán sára páànù, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún kùn ún, wọ́n á sún páànù náà síwájú, wọ́n á tún kùn ún. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Báyìí ni àwòrán kan ṣe ń di odidi aṣọ.

Yíyí

Ẹ fi píìnì gún ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ F mọ́ bébà, kí ẹ yí i. Igun tó jìnnà sí píìnì rin ìrìn gígùn, èyí tó sún mọ́ ọn rin ìrìn kúkúrú, àmọ́ kò sí èyí tí jíjìnnà rẹ̀ sí píìnì yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá dá àkọ́sórí yẹn lójú. Ẹ ya ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí bébà gráàfù. Láti ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹ ka 3 sí ọ̀tún, kí ẹ ka 1 sókè, kí ẹ tọ́ àmì síbẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e, kí ẹ ya ìlà méjèèjì àti àmì náà sára ọ̀rá. Ẹ gún píìnì sí ojú ìpàdé, kí ẹ yí ọ̀rá náà sí apá òsì ní dígírì 90, ìyẹn ìdámẹ́rin òbìrìkìtì.

Kí lẹ rí? Ìlà tó kọjú sí ọ̀tún ti kọjú sókè. Èyí tó kọjú sókè ti kọjú sí òsì. Nítorí náà, 3 sí ọ̀tún ti di 3 sókè, 1 sókè sì ti di 1 sí òsì. (3, 1) ti di (−1, 3). Àmì ìyọkúrò kì í ṣe oògùn, "apá òsì" lásán ló ń sọ. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ yí ọ̀rá yẹn lẹ́ẹ̀kan, tó bá gbàgbé òfin, á tún un rí fúnra rẹ̀ nínú ìdánwò.

Dígí

Ẹ fi ọ̀dà kun F sórí bébà. Kó tó gbẹ, ẹ ká bébà náà sí méjì kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá ṣí i, F kejì ti jáde, àmọ́ ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí èkíní kọjú sí. Ẹ wọn igun kọ̀ọ̀kan sí ojú ìká: iye kan náà ni lọ́tùn-ún àti lósì.

Ẹ wá gbìyànjú láti fi F páálí yín bo F tuntun yìí. Ẹ sún un, ẹ yí i. Kò ní ṣeé ṣe, àfi tí ẹ bá gbé e kúrò lórí tábìlì kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wa nìyẹn o! Ọwọ́ ọ̀tún ni òjìji òsì nínú dígí. Sísún àti yíyí nìkan ò lè sọ ọ̀kan di èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àrà tí dígí méjì ń dá. Ká ní ojú ìká méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí sẹ̀ǹtímítà 5 wà láàárín wọn. Àmì kan wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí apá òsì ìká àkọ́kọ́. Dígí àkọ́kọ́ á gbé e lọ sí 2 ní apá ọ̀tún. Ó wá ku 3 kó dé ìká kejì, torí náà dígí kejì á gbé e kọjá rẹ̀ ní 3, ìyẹn 8 sí ìká àkọ́kọ́. Gbogbo ìrìn ẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ fi àmì tó wà ní 3 gbìyànjú, 10 náà ni. Dígí méjì ti di sísún, ìlọ́po méjì àlàfo tó wà láàárín wọn! Tí ìká méjèèjì bá dábùú ara wọn ńkọ́? Wọ́n á di yíyí.

Mímú tóbi

Tó bá di alẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹ di F mú ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí iná, kí ògiri wà ní 40 sí iná, kí páálí àti ògiri kọjú síra wọn gbọọrọ. Òjìji á gùn ní ìlọ́po méjì, igun rẹ̀ kò ní yí padà, àmọ́ ààyè tó gbà á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí ògiri bá wà ní 60, gígùn di ìlọ́po mẹ́ta, ààyè di mẹ́sàn-án.

Ibi tó ti kan ẹ̀mí èèyàn

Kẹ́mísírì ni mò ń kà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ dígí yìí ti le jù. Ọ̀pọ̀ mólékù ló dà bí ọwọ́ wa: ó ní ti ọ̀tún, ó ní ti òsì. Ní 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn kan tó ń jẹ́ thalidomide ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Àwọn aláboyún lò ó fún èébì àárọ̀. Àdàlù mólékù ọ̀tún àti òsì ni. Kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní November 1961, ó ti ba ọmọ inú jẹ́, àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù apá àti ẹsẹ̀ lé ní 10,000 káàkiri àgbáyé. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn mólékù méjèèjì. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ya èkejì sọ́tọ̀, kò bá má gbani, torí ara èèyàn máa ń sọ ọ̀kan di èkejì. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń ṣe oògùn tó lè fojú kékeré wo ìyàtọ̀ ọ̀tún àti òsì.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ kọ A, B, D lọ títí ní lẹ́tà ńlá. Èwo ni dígí tó dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ kì í yí padà? Èwo ló máa ń rí bákan náà tí ẹ bá dojú ìwé kọ ìsàlẹ̀? S kò bẹ̀rù ká dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, àmọ́ ẹ fi àmì sí i lábẹ́ kó di Ṣ, kí ẹ wá wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Ọ wé O. Ẹ bá àwọn ọmọ ilé ṣe é, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa.