Kì í ṣe ẹ̀wù irin ni wọ́n ń wá, iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ni: Ìtàn eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìbò dá padà

Àwọn àgbà ló sọ pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wá sọ́kàn òbí tó bá rí ọmọ rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, tó ń lu irin tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tó ní ẹ̀wù ogun lòun ń rọ. Idà tó bá ti inú irú àgbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ jáde kò lè gé ewé ẹ̀fọ́. Síbẹ̀, nǹkan bí ìbò 450,000 ni wọ́n dì lọ́dún 2013 kí wọ́n lè gba eré tí àgbẹ̀dẹ náà wà padà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láyé àtijọ́.

RuneScape ni orúkọ eré náà. Andrew Gower àti Paul, tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé àwọn òbí wọn nílùú Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kìíní ọdún 2001 ló jáde síta. Ilé-iṣẹ́ Jagex, tó wà ní Cambridge, ló ń bójú tó o. Ayé àfinúrò kan tí wọ́n ń pè ní Gielinor ni àwọn tó ń ṣeré náà máa ń wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń wá láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kálukú ní àwòrán èèyàn kan tó dúró fún un níbẹ̀. Àwòrán yìí lè gégi, ó lè pẹja, ó lè jagun, ó sì lè kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ.

Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́

Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ inú eré yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ọmọṣẹ́ tuntun yóò kọ́kọ́ wa bàbà àti tánganran nínú àpáta, yóò yọ́ méjèèjì pọ̀ nínú ìléru títí yóò fi di idẹ, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e sórí owú, tí yóò fi òòlù lù ú di ọ̀bẹ. Bó bá dé orí irin, wàhálà mìíràn dé. Nínú ìléru lásán, nǹkan bí ìdajì òkúta irin tó bá kó síbẹ̀ ló máa ń ṣòfò.

Bí irin bá ṣe ń níyì sí i ni èédú tó ń jẹ ń pọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní rune, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú sánmà, òkúta rẹ̀ kan ṣoṣo gba èédú mẹ́jọ kó tó yọ́. Ẹ̀wù àyà kan sì gba irin márùn-ún, ìyẹn òkúta 5 àti èédú 40.

Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó bá kó èédú jọ ló lè rọ ọ́. Ìpele 99 ni òpin iṣẹ́ náà, ibẹ̀ gan-an lèèyàn sì gbọ́dọ̀ dé kí ẹ̀wù rune tó ṣeé rọ. Máàkì 13,034,431 ló ń gbéni débẹ̀. Ẹni tó bá dé ìpele 92 lè máa yọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò mọ̀ pé ìdajì ọ̀nà lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Bó bá sì rọ ẹ̀wù náà tán, kò tíì lè wọ̀ ọ́, àfi bó bá wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Crandor, tó pa dírágónì kan tó ń jẹ́ Elvarg.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀

Nígbà tó yá, Jagex ṣòfin pé bí èèyàn méjì bá ń ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà nínú eré náà, iye ohun tí wọ́n fún ara wọn kò gbọ́dọ̀ jìnnà síra. Àwọn oníjìbìtì ló fa òfin yìí. Wọ́n ń ta owó inú eré fún owó gidi, àwọn kan sì ń fi káàdì báńkì olówó ẹlòmíràn sanwó fún ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe nítorí olè kó ba olóòótọ́ náà. Alágbẹ̀dẹ kò lè fi ẹ̀wù tó fi làágùn rọ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà yí òfin náà padà ní oṣù kejì ọdún 2011. Àmọ́ nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n tún yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jagun níbẹ̀ padà pátápátá. Igbe ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré náà nígbà tí wọ́n wà nílé-ìwé ni wọ́n ti di géńdé, wọ́n ní eré tí àwọn mọ̀ kọ́ nìyí mọ́.

Jagex ní ẹ̀dà eré náà kan nípamọ́, èyí tó wà láti oṣù kẹjọ ọdún 2007. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn dìbò bóyá wọ́n fẹ́ ẹ padà. Ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì, ọdún 2013, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Old School RuneScape.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yani lẹ́nu nìyí. Kò sẹ́ni tó bá ohun ìní rẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ tó ti dé ìpele 99 tẹ́lẹ̀ àti ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, orí ọ̀bẹ idẹ ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dìbò. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀wù irin nìkan ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí wọ́n ní nínú eré tuntun ì bá tó wọn. Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Láti ìgbà náà, ìbò ni wọ́n fi ń tẹ́wọ́ gba ohun tuntun tó bá fẹ́ wọ inú eré náà. Lónìí, àwọn tó ń ṣe ti àtijọ́ yìí pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe tuntun lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún. Nígbà tí owó ilẹ̀ Venezuela di bébà lásán, pàápàá láti ọdún 2017, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pa dírágónì aláwọ̀ ewé nínú eré yìí, wọ́n ń ta egungun àti awọ rẹ̀, wọ́n sì ń fi owó inú eré tí wọ́n rí níbẹ̀ gba owó gidi. Òfin Jagex lòdì sí i, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò pàdánù gbogbo ohun tó kó jọ. Àwọn mìíràn tó ń ṣeré náà sì ń dọdẹ wọn kiri, wọ́n ní wọ́n ń ba ọjà jẹ́. Ohun tó jẹ́ ìrántí ìgbà èwe fún ẹnì kan ló jẹ́ oúnjẹ alẹ́ fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí àgbàlagbà tó pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní aláìníṣẹ́, kó kọ́kọ́ bi í léèrè ìpele tó dé. Bó bá fèsì pé 92, kó rọra kí i kú iṣẹ́. Ìdajì ọ̀nà ṣì kù.