Oògùn Tí Ìjọba Kò Tíì Fọwọ́ Sí: Ṣé Kí A Máa Tà Á?

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó, láti ìgbà àrùn kòrónà ọdún 2020 ni àríyànjiyàn kan ti wà láàrin wa. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé tí kò sì ní oògùn, ṣé ó yẹ kí ìjọba dá ẹni tí ó fẹ́ ra oògùn tí a kò tíì fọwọ́ sí dúró, tàbí ẹni tí ó fẹ́ tà á?

Àwọn kan ní kí ìjọba fi wá sílẹ̀. Wọ́n ní àgbo ni àwọn bàbá wa fi tọ́ wa dàgbà, àti pé ènìyàn kò lè máa wo ikú kí ó káwọ́ gbera. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsán. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2020, àrùn yìí pa Dókítà Wahab Adégbẹ́nró, Kọmíṣọ́nà ètò ìlera Ìpínlẹ̀ wa. Bí ó bá pa dókítà, ta ni ẹ̀rù kò ní bà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ chloroquine, oògùn ibà tó korò, tó ń yúnni lára, tí gbogbo wa mọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Donald Trump, Ààrẹ Amẹ́ríkà, yìn ín fún kòrónà. Kíá, àwọn ènìyàn sáré rà á, owó rẹ̀ sì lọ sókè. Àwọn aláṣẹ ìlera l'Ékòó kéde pé àwọn kan ti lò ó lálòjù, wọ́n sì ti dèrò ọsíbítù.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ti pín àwọn aláìsàn bí ẹni ṣẹ́ kèké: àwọn kan gba oògùn, àwọn yòókù kò gbà á, wọ́n sì ka iye tó kú. Hydroxychloroquine, àbúrò chloroquine, kò gba ẹnikẹ́ni là. Dexamethasone ńkọ́? Láàrin àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, 41 nínú 100 ló ń kú láìsí i. 29 ló kú nínú àwọn tó gbà á. Kò wúlò fún ẹni tí èémí rẹ̀ dára. Oògùn méjèèjì ti pẹ́, wọn kò sì wọ́n. Ojú lásán kò lè mọ èyí tí yóò ṣiṣẹ́.

Ohun tí à ń wí nìyí: kí a dán oògùn wò dára, ṣùgbọ́n níbi tí ẹnì kan ti ń ṣírò. Nígbà Ebola ní 2014, àjọ ìlera àgbáyé gbà bẹ́ẹ̀, bí aláìsàn bá ti fọwọ́ sí i, tí a sì ń ṣe àkọsílẹ̀. Ọjà kò ní àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí kòrónà mú ló yá fúnra wọn. Àwọn ni yóò máa yin oògùn wa. Ẹni tó kú kì í padà wá sọ́jà wá jẹ́rìí.

Ẹ kíyè sí nọ́ńbà NAFDAC ara ìgò àgbo pẹ̀lú. Ó ń sọ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé kò léwu láti mu. Kò sọ pé ó ń wo àrùn. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìgò náà gan-an pé NAFDAC kò tíì yẹ agbára tí a ní ó ní wò.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta àgbo, kó tà á bí àgbo, kó má sọ pé ó ń wo àjàkálẹ̀ àrùn. Bí èémí oníbàárà bá sì ń kúrú, ẹ má gba owó rẹ̀ o. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsíbítù.